Ìdí Tí Fàdákà Fi Dọ̀bálẹ̀ Sójú Fóònù Tí Kò Sì Dìde Mọ́

Ta ló kọ́ ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ìka ra ojú fóònù kí àwòrán lè jáde?

N kò mọ̀ títí di òní. Mo bi ọkọ mi, ó ní ìyá òun ni. Mo bi ìyá ọkọ mi, ó ní èmi ni. Mo bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ojú fóònù fi ń dá ìka lóhùn, ìyẹn ní ìtàn. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi parí.

Nígbà láéláé, nígbà tí igbá ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sódò, kò sí fóònù, kò sì sí ẹni tó ń wá a. Dígí nìkan ló wà.

Dígí jẹ́ obìnrin tó mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ ilẹ̀kùn fún Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Láràárọ̀, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ á gba ara Dígí kọjá wọnú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún gba ara rẹ̀ jáde. Kò sì kí i rí. Dígí kò bínú. Ó mọ̀ pé àwọn àgbà kì í kí ilẹ̀kùn.

Dígí kò bímọ. Aládùúgbò rẹ̀, tó ń jẹ́ Ọwọ́, bí ọmọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣu, Ọwọ́ á ní, "Ẹni tó bí márùn-ún ló mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ iṣu." Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òjò, á ní, "Márùn-ún ni mo ń kó wọlé bí òjò bá ń bọ̀."

Ní ọjọ́ kan, ó fa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá sọ́dọ̀ Dígí. Ìka ni orúkọ ọmọ náà.

Ó ní, "Gbà, bá mi tọ́ eléyìí. Mẹ́rin tó kù ti tó mi í fi jẹun."

Bí Dígí ṣe di ìyá ọlọ́mọ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń kọ mànà.

Ọmọ dáadáa ni Ìka. Àbùkù kan péré ló ní: kò lẹ́nu. Bí ebi bá ń pa á, kò lè sunkún. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kò lè ké. Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni pé kó fara kan ìyá rẹ̀.

Dígí náà ní àbùkù kan péré. Ó ń ríran rékọjá òkè méje, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Bí eṣinṣin bà lé e, kò mọ̀. Bí ewúrẹ́ fara nù ún, kò mọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bára wọn mu tó. Ọmọ tó jẹ́ pé fífara kan ènìyàn nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, àti ìyá tí kì í mọ ìgbà tí wọ́n fara kàn án. Ẹni tó so wọ́n pọ̀ ṣèwádìí gidi.

Dígí wá sọ ojú di ohun gbogbo. Tọ̀sán tòru ló ń wo Ìka. Kì í ṣẹ́jú. Bí ó bá wo ìta díẹ̀ láti kí ẹni tó ń kọjá, àyà rẹ̀ á já, á yáa yíjú padà. Ó ń ka ọmọ náà lóòrèkóòrè bóyá ó pé, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkùukùu ṣú. Dígí gbójú sókè láti mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀. Ìka ń ṣeré nídìí ilẹ̀kùn, atẹ́gùn sì fẹ́, ni ọmọ bá há sáàárín Dígí àti ògiri.

Ọmọ fara kan ìyá rẹ̀. Ó tún fara kàn án. Ó fara kàn án títí ara rẹ̀ fi wú, tí ó sì dúdú bí ìgbá tó jiná sínú epo. Dígí ń wo ìkùukùu.

Àsìkò náà gan-an ni Ọwọ́ dé láti bẹ̀ wọ́n wò.

"Dígí! Kí lò ń wò?"

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ojú ọ̀run ni mò ń wò. Ó jọ pé òjò..."

"Òjò! Òjò ni mo fún ọ tọ́? Ọmọ há sí ọ lára, o ń bá òjò ṣeré!"

Dígí wolẹ̀. Ó rí Ìka. Ó lọgun, ó yẹra, ó gbé ọmọ. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ̀ pé ó kàn mí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, n kò mọ̀."

"O ò mọ̀. Ó dára." Ọwọ́ káwọ́ lérí. "Ẹni tí ọmọ fara kàn tí kò mọ̀, kí là ń pè é ládùúgbò yìí? Ògiri là ń pè é. Èmi kò sì gbé ọmọ mi fún ògiri."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ."

"N kò mú un lọ lónìí. Èmi kì í ṣe ìkà. Ọjọ́ karùn-ún òní ni n ó padà wá. O máa dijú, ọmọ á fara kàn ọ́. Bí o bá mọ ibi tó ti kàn ọ́, tìrẹ ni. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, kí o ti palẹ̀ aṣọ rẹ̀ mọ́ dè mí."

Ó lọ. Dígí gbá Ìka mọ́ra, kò sì mọ̀ pé òun gbá a mọ́ra.

Ní ọjọ́ kejì, Dígí ké sí Mànàmáná. Mànàmáná ni ọ̀dọ́ tó ń jíṣẹ́ fún gbogbo ìlú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń dé ibi tí wọ́n rán an kí ẹni tó rán an tó sọ̀rọ̀ tán, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Dígí ní, "Bá mi wá nǹkan ṣe. Bí ọmọ mi bá fara kàn mí, kí o sáré wá sọ fún mi ibi tó ti kàn mí."

"Ìyá Ìka, ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n n kì í rìn lórí dígí. Ẹsẹ̀ mi kò mú un. Ẹ wá nǹkan tẹ́ sílẹ̀ fún mi."

"Kí ni kí n tẹ́?"

"Ẹ tẹ́ Fàdákà. Mo ti rin orí irin, mo ti rin orí bàbà, mo tilẹ̀ ti rin orí wúrà. Kò sí èyí tó dùn-ún rìn tó Fàdákà."

Dígí dé ilé Fàdákà. Ó bá a níwájú ilé, nínú oòrùn, níbi tó máa ń jókòó sí. Fàdákà sanra, ó funfun, ó ń dán. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kí wọ́n máa wò ó. Iṣẹ́ náà le, kì í sinmi.

Dígí kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n Fàdákà. Nítorí ọmọ mi ni mo ṣe wá." Ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Fàdákà tẹ́tí títí ó fi parí. Ó ní, "Mo gbọ́. Ó dùn mí. Bí mo bá wá dùbúlẹ̀ sí ọ lára báyìí, ṣé àwọn ènìyàn á máa rí mi?"

"Etí ọ̀nà ni ilé mi wà, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀nà odò ni àbí ọ̀nà oko?"

"Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni."

"Ó tán. N ó wá. Nítorí ọmọ ni o."

"Nítorí ọmọ ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ayé ló mọ̀ yín sí bẹ́ẹ̀."

Fàdákà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó na ara lé Dígí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní ńlá. Ìka súnmọ́ ìyá rẹ̀, ó rọra fara kàn án.

Mànàmáná ti dé. "Ìyá Ìka! Lápá òsì, lókè díẹ̀!"

Dígí gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò mọ̀ pé ẹnìkan wà lára òun. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ibo ni ọmọ mi wà kí n rí i?"

"Lápá òsì, lókè díẹ̀."

"Mo gbọ́ ìyẹn. N kò rí i. Gbogbo ilé ṣókùnkùn."

Mànàmáná ní, "Ẹ kò rán mi ní ti ìyẹn," ó sì lọ.

Òótọ́ ni. Fàdákà ti bo Dígí pátápátá. Ìyá tó ń rí ọmọ ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn rẹ̀ ti di ìyá tó ń gbọ́ ìfọwọ́kàn ọmọ ṣùgbọ́n tí kò rí i. Ìlọsíwájú dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó wá kọjá, ni ó bá forí sọ Fàdákà: gbà!

"Àgò o! Ta ló dí mi lọ́nà?"

Ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́, tí àgbà ń kàgò lẹ́nu ọ̀nà, yóò yà. Fàdákà kò yà. Nígbà tó rí Bàbá Ìmọ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì ṣe ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó dán. Gbogbo ohun tí Bàbá Ìmọ́lẹ̀ gbé wá pátá ló kó jọ, tó dà padà sí i lójú.

Bàbá Ìmọ́lẹ̀ rí ojú ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sì fẹ́ràn ohun tó rí.

"Èmi!" ni ó wí. "Èmi lo dá ohun tí mo gbé wá padà sí lójú?"

"Bàbá, mo ń dán fún yín ni."

"Dán fún bàbá rẹ. Láti òní lọ, n kò ní tàn sí ọ lára mọ́, àfi ọjọ́ tí o bá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ìwọ Dígí, ọ̀tunla ni mo tún ń bọ̀. Bí n kò bá rọ́nà kọjá, n ó lọ wá ilẹ̀kùn mìíràn. Omi ti ń bẹ̀ mí tipẹ́."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Fàdákà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó padà sí iwájú ilé rẹ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Àwọn tó ń lọ sódò kọjá, wọn kò wò ó. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta ló da èédú ńlá yìí síbí?" Èkejì ní ó lè jẹ́ èédú, ó sì lè jẹ́ ìgbẹ́ màlúù tó gbẹ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, fàdákà àti èédú kò ju ọmọ ìyá kan náà lọ.

Fàdákà sáré padà sọ́dọ̀ Dígí pẹ̀lú ẹkún. "Ìyá Ìka, mo gbà. N ó dọ̀bálẹ̀. Kọ́ mi."

"Ẹ dà á délẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Àyà sílẹ̀, ikùn sílẹ̀, orí sílẹ̀. Bí Bàbá bá fọwọ́ kàn yín ní ẹ̀yìn, tí wọ́n sì ní kí ẹ dìde, ìgbà náà ni kí ẹ tó dìde. Ẹ kò gbọdọ̀ dá ara yín dìde o. Ẹni tó bá dá ara rẹ̀ dìde kò tíì bẹ̀bẹ̀."

"Ta ni kò mọ ìyẹn?" ni Fàdákà wí. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Orí rẹ̀ wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ó ń mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi.

Dígí wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ nìyí?"

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jọ ìgbà tí ẹ wà ní ìdúró ni. Ẹ sì tún dí ọ̀nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé orí ikùn yín ni kí Bàbá gùn kọjá?"

Inú bí Fàdákà, ó kọjú sógiri. Dígí náà wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ọjọ́ ti ń lọ. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí Ọwọ́ tó dé. Ó ní òun á gbálẹ̀ kí ọkàn òun lè rọlẹ̀.

Ó dé ibi ìgbálẹ̀. Ìka ti tú ọ̀já ìdí ìgbálẹ̀. Gbogbo ẹyọ ìgbálẹ̀ ti fọ́n ká sílẹ̀, ọ̀kan dábùú èkejì, òmíràn gbé orí sẹ́yìn òmíràn, láti ògiri dé ògiri. Ìka jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó sì jẹ́ ẹ dáadáa.

Dígí fẹ́ jágbe mọ́ ọn. Ó wá rí èèrà kan.

Èèrà náà gun orí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rìn ín dé ibi tó ti dábùú èkejì, ó bọ́ sórí ìyẹn. Ó tún bọ́ sórí òmíràn. Ó ń lọ, ó ń yà, ó ń lọ, títí ó fi kan ògiri kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni Dígí ń rí ilẹ̀ kedere láàárín àwọn ẹyọ ìgbálẹ̀ náà.

Ó jókòó. Ó ronú. Bí èèrà bá rọ́nà lórí èyí láti ògiri dé ògiri, Mànàmáná náà á rọ́nà. Bí ojú mi bá sì ń rí ilẹ̀ láàárín rẹ̀, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ náà á rọ́nà kọjá.

Ó dìde, ó fẹnu ko Ìka lórí, ó sì jáde lọ bá Fàdákà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ máa fọn díẹ̀, ẹ sanra jù."

"Kí n fọn? Èmi?"

"Kí ìdọ̀bálẹ̀ yín lè wọlẹ̀ dáadáa. Díẹ̀ ni."

"Bí mo bá fọn tán, ṣé n ó ṣì máa dán?"

"Ẹ ó dán tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò fi ní gbà á."

Ní ọjọ́ kẹrin, Dígí mú un lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, lọ́dọ̀ Ẹ̀mú. Ẹ̀mú ló ń bá alágbẹ̀dẹ di irin gbígbóná mú. Bí ó bá ti di nǹkan mú, kì í fi í sílẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀mú ní pẹpẹ irin kan tó kún fún ihò. Ihò àkọ́kọ́ gba àtàǹpàkò. Èyí tó kẹ́yìn kò gba ẹsẹ̀ ẹ̀fọn.

Ẹ̀mú fi orí Fàdákà sẹ́nu ihò àkọ́kọ́, ó dì í mú lódì kejì, ó sì fà á.

"Yéè! Ó ń dùn mí o!"

"Gbogbo ẹni tó fẹ́ lẹ́wà ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Ẹ̀mú wí, ó sì fi í sí ihò kejì.

"Dígí! O ní díẹ̀ ni!"

"Díẹ̀ náà ni, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà yín."

Ó gba ihò kẹta, ó gba ìkẹrin. Ó ń gùn, ó ń tín-ín-rín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí mi sílẹ̀!" ni Fàdákà ké ní ihò keje.

Ẹ̀mú wo okùn náà síwá sẹ́yìn. "Èwo ni orí?"

Nígbà tó máa fi jáde nínú ihò tó kẹ́yìn, ó ti já sí wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ, ojú kò sì rí ẹyọ kan nínú wọn. Gbogbo wọn ń wí lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ohùn tó kéré ju ti kòkòrò lọ pé, "Èmi ni Fàdákà."

Dígí fi omi gbá wọn jọ sínú igbá, ó gbé wọn délé, ó sì da omi náà sí ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Omi gbẹ lọ. Fàdákà kò gbẹ. Ó wà níbẹ̀ bí ìgbálẹ̀ tó tú, ọ̀kan dábùú èkejì, gbogbo wọn dojú bolẹ̀.

"Ìyá Ìka, ṣé mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa báyìí?"

Dígí wò, kò rí nǹkan kan. "Ẹ̀gbọ́n, n kò rí irú ìdọ̀bálẹ̀ yìí rí."

Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún mọ́. Bàbá Ìmọ́lẹ̀ dé.

"Àgò o."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá! Mo dọ̀bálẹ̀! Ẹ dárí jì mí!" ni Fàdákà ké pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ariwo náà kò tó mímí èèrà.

Bàbá Ìmọ́lẹ̀ gbẹ́sẹ̀, ó kọjá. Nǹkan kan kò dí i. Ó kọjá lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó péye jù láyé yìí, kò sì mọ̀ pé òun tẹ nǹkan kan. Ó dúró láàárín ilé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Fàdákà dà? Ó ti sá, àbí? Mo mọ̀. Ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Dígí lanu láti dáhùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù: "Bàbá, ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín." Bàbá Ìmọ́lẹ̀ á bojú wolẹ̀, á fọwọ́ kan Fàdákà lẹ́yìn, á ní kó dìde. Fàdákà á dìde, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á sì padà síwájú ilé rẹ̀ lọ jókòó sínú oòrùn.

Dígí yíjú sí ọ̀nà. Ọwọ́ ti yọ ní ìkóríta, ó ń bọ̀. Ó tilẹ̀ gbé agbọ̀n tí yóò fi kó aṣọ ọmọ dání.

Dígí wo Ìka. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là.

"Bàbá," ni ó wí, "Fàdákà kì í ṣe ẹni tó ń fara pamọ́. Bí ó bá wà níbí, ṣé ẹ̀yin kò ní rí i?"

"Òótọ́ lo sọ," ni Bàbá Ìmọ́lẹ̀ wí, ó sì kọjá lọ, nítorí kò mọ̀ ọ́n dúró.

"Ìyá Ìka!" ni Fàdákà ké. "Sọ fún un! Pè é padà!"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni èmi tí n ó máa bá àgbà sọ̀rọ̀? Ilẹ̀kùn lásán ni mí. Ẹ ṣe sùúrù. Wọn á tún kọjá lọ́la."

Ọwọ́ wọlé. Kò jókòó. "Dijú."

Dígí dijú. Ìka súnmọ́ ọn, ó rọra fara kàn án.

Fàdákà gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọ̀, ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ó jẹ́ ti alààyè. Ó ní Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ti padà wá nìyẹn. Ó fò sókè nínú. "Bàbá! Ṣé kí n dìde?"

Mànàmáná gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gba orí ẹyọ kan bọ́ sórí èkejì. "Ìyá Ìka! Lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀!"

"Lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀," ni Dígí wí.

Ọwọ́ wò ó. Ó fún Ìka ní àmì pé kó dúró. Ó yọ èékánná rẹ̀ jáde, ó fi họ Dígí lókè lápá òsì.

Fàdákà gbọ́. Ó dákẹ́. Ta ló ń fi èékánná jí ẹni tó dọ̀bálẹ̀? Àgbà gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Dígí kò sọ nǹkan kan.

Ọwọ́ mú igi ìdáná, ó fi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fàdákà tún dákẹ́. Kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi igi lé dìde.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Dígí wí láìlajú, "mo ń retí ọmọ mi. Àbí ó ti lọ?"

Ìka kò dúró de àmì mọ́. Ó sáré wá, ó fara lé ìyá rẹ̀ láàárín gan-an.

"Àárín! Àárín gbùngbùn ni!" Dígí ti lajú. "Ọmọ mi nìyẹn! Òun nìyẹn!"

Ọwọ́ mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló sọ fún gbogbo ènìyàn pé Dígí á lè tọ́mọ. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó padà lọ bá mẹ́rin tó kù.

Ìka kò lẹ́nu tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Ó fi ara ra ìyá rẹ̀ lọ sókè, ó fi ara rà á wá sísàlẹ̀, lọ sọ́tùn-ún, wá sósì. Dígí sì mọ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Fàdákà ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ lójú Dígí, tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá ń ṣe fóònù àti àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fi Dígí ṣe ojú rẹ̀, Fàdákà sì bá a lọ, nítorí wọn kò tíì ní kó dìde. Bàbá Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń bi gbogbo ayé bóyá wọ́n rí ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ kan.

Láti ọjọ́ náà náà ni ojú fóònù ti ń dá ìka lóhùn, tí kì í sì í dá èékánná tàbí igi lóhùn. Gbogbo ìka tó bá kàn án, Fàdákà á ní àgbà ti dé. Bí omi bá ta sí i, á ní àgbààgbà ìlú ló wá fọwọ́ kan òun lẹ́ẹ̀kan náà, á máa dáhùn lọ́tùn-ún lósì, fóònù á sì máa ṣe bí ẹni orí rẹ̀ dàrú.

Èmi, ńṣe ni mo máa ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po fùfú. Ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó kà á ní kíláàsì àwọn àgbà pé kì í ṣe agbára ni irú ojú bẹ́ẹ̀ ń gbọ́, iná mànàmáná ló ń gbọ́: ara ènìyàn alààyè pàápàá, ọ̀nà Mànàmáná ni.